Ìgò Tó Ń Bá Ẹ́ńjìnnì Mí

Ẹ̀rín ni Bagyo fi pàdé ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń bọ̀ láti ọ̀nà òkè láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó wọ súwẹ́tà bàbá rẹ̀ tí apá rẹ̀ gùn bo ìka ọwọ́, ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó ń ti alùpùpù kan tí wọ́n ń pè ní Kíng, tí ẹrẹ̀ ti bò débi pé ẹnikẹ́ni ò lè sọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ń bá alùpùpù náà jà kíkankíkan bí ẹni pé èèyàn ni.

"Nígbà tí a wà nílé, o ní o máa dé ibi tí à ń lọ," ló ń wí fún un. "A dé àárín èrò tán, o wá dákú. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Bagyo fi sípánà sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ọmọbìnrin náà wí. "Ta ni mẹkáníìkì níbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí?"

"Mo ti dákẹ́."

"Ẹ máa rín in lọ. Tí ẹ bá ti lè tún un ṣe, ẹ̀rín yín ò ní dùn mí."

Èmi Tarsi tí mò ń sọ ìtàn yìí, kọfí ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bagyo ní ọjà Parakan nígbà náà. Opó ni mí, mi ò sì bímọ, nítorí náà mo láyè láti wo ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tí Bagyo fi wo ọmọ yẹn kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wo oníbàárà. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọmọbìnrin náà ni mo ti gbọ́ ọ. Wening ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pak Karyadi, àgbẹ̀ tábà ní abúlé Gedhongan, lókè lọ́hùn-ún lára òkè ńlá Sumbing. Pak là ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, Mbok là ń pe àgbà obìnrin.

Rọ́bà kan tó lu ló dá alùpùpù náà dúró. Bagyo pààrọ̀ rẹ̀, kò pẹ́ rárá, ẹ́ńjìnnì sì jí. Ṣùgbọ́n Wening ò lọ.

"Ó ku ọ̀kan," ó wí. "Bàbá mi rán mi níṣẹ́ sí yín. Ẹ wo ìgò yìí."

Lábẹ́ táǹkì Kíng, ìgò dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, tí rọ́bà so mọ́ ọ̀nà tí epo àti atẹ́gùn ń gbà láti kabúrétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá pa ẹnu dé, ìgò á gba èyí tó ń bọ̀ pa mọ́. Bó bá tún la ẹnu, ìgò á fi èyí tó pa mọ́ kún un. Bí alùpùpù bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ìgò yìí ni kì í jẹ́ kó mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà títẹ́jú, téèyàn bá fẹ́ sáré, ìgò kan náà á máa dẹ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní Parakan, àwọn géńdé máa ń tú u sọnù, àwọn àgbà máa ń fi í sílẹ̀, wọ́n sì lè jà lórí ọ̀rọ̀ ìgò náà títí kọfí mi á fi tutù.

"Bàbá mi fẹ́ méjèèjì," Wening wí. "Ó máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tábà gun òkè kó tó já sí títì. Tó bá wá já sí títì, ó fẹ́ sáré dé ilé ìkẹ́rù kí ó tó rẹ imú àwọn tó ń fi òórùn díyelé tábà. Ó ní kí ẹ fi ìlẹ̀kùn sí ìgò yìí lẹ́nu. Kí òun máa fọwọ́ ara òun ṣí i, kí òun máa fọwọ́ ara òun tì í, láì sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ni wọ́n rán mi sí ni? Ẹ̀yin ni."

Bagyo yí ojú sí mi, bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Mo ní, "Má wò mí. Mẹkáníìkì ni ọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gun òkè lọ sí Gedhongan. Táàpù àkọ́kọ́ tó fi ṣe ìlẹ̀kùn náà, ara sítóòfù kẹrosíìnì kan tó ti bàjẹ́ ló ti yọ ọ́. Ó gé rọ́bà ìgò sí méjì, ó ki táàpù sáàárín, ó fi wáyà tín-ín-rín dì í. Pak Karyadi jókòó tì í lórí àpótí, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àyà bàbá yìí ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ilé ló sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sójú rẹ̀.

"Ọmọ mi," bàbá náà wí, "alùpùpù yìí ni mo fi gbé ìyá Wening lọ bí àbúrò rẹ̀. Rọra fọwọ́ kàn án."

"Mò ń rọra, Pak."

"Ojú ẹ ò sí lára alùpùpù."

Lóòótọ́, Wening ń da ewé tábà tí wọ́n rẹ́ sórí àtẹ oparun lójúde, ojú Bagyo sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àfi Mbok Painem, ìyá Wening. Obìnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀.

Òkè kan wà láàárín oko àti abúlé tí wọ́n ń pè ní Mbrangkang, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ọwọ́ àti orúnkún rá kòrò gùn ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ dán táàpù wò. Wening gun ẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ. Wọn ò tíì gùn ún dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gooro, ooru ń bù jáde lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gán pa. Ẹnu ibi tí Bagyo fi wáyà dì ló ń fa atẹ́gùn lásán wọlé. Atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì gbóná jù, ó nọ́ọ̀kì.

Wọ́n tì í padà sílé. Ojú ti Bagyo débi pé ilẹ̀ ló ń wò.

"Mas Bagyo," Wening wí. Bí àwọn ọmọbìnrin wa ṣe ń pe ọkùnrin tó jù wọ́n lọ díẹ̀ nìyẹn. "Wọ́n ní ẹ mọṣẹ́ gan-an."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, láàárọ̀."

"Màá tún un ṣe. Písítìn tuntun, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa tún un ṣe." Ó dúró, ó fi apá súwẹ́tà nu òógùn lójú. "Ẹ má jẹ́ kí ojú máa tì yín bẹ́ẹ̀. Ojú yín dára jù nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Bagyo. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé òun ò rántí bí àwọn ṣe ti alùpùpù náà délé.

Táàpù kejì, idẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, ó fi fáìlì àti sùúrù dán gbogbo ibi tó lè jò lára rẹ̀, ó sì fi irin dè é níbi tó ti wọ inú rọ́bà. Ó mú wáyà ṣóòkì àtijọ́ kan, ó fà á láti ara táàpù dé ọwọ́ òsì alùpùpù, ó so ó mọ́ irin pélébé kan lábẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò ti irin náà síwájú, ìgò ṣí. Bó bá fà á padà, ìgò tì.

Ọjọ́ tí Pak Karyadi kọ́kọ́ gùn ún, gbogbo Gedhongan ló jáde. Bàbá náà dé ẹsẹ̀ Mbrangkang, ó ti irin síwájú, ohùn ẹ́ńjìnnì sì jìn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gun òkè náà láì kánjú. Ó dé òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Mbok Painem pariwo pé kó rántí àyà rẹ̀. Ó ní àyà òun ń gbádùn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Bagyo ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ó ní òun fẹ́ lọ yẹ táàpù wò.

"Táàpù wo ni wọ́n ń yẹ̀ wò tó báyìí?" Pak Karyadi bi í lọ́jọ́ kan. "Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Idẹ tuntun ni, Pak. Ó gba àmójútó."

"Mo gbọ́. Idẹ tuntun náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ká ewé."

Ibẹ̀, láàárín àwọn àtẹ tábà tó ń gbẹ lóòrùn, ni Bagyo ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òórùn tábà yẹn máa ń kọ lu èèyàn ní imú títí omi á fi bọ́ lójú, nítorí náà Wening lè sunkún kó sì sọ pé tábà ni.

"Wening, mi ò ní bàbá, mi ò ní ìyá. Ṣọ́ọ̀bù kan péré ni mo ní. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà fún mi, ayọ̀ mi, o ò ní kábàámọ̀."

"Ṣé torí táàpù lẹ fi ń wá látọjọ́ yìí?"

"Rárá."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni." Ó fi ewé tábà bo ojú. "Mo gbà fún ọ."

"Àbí mo ti di ẹgbẹ́ ẹ báyìí?"

"Tó o bá fẹ́ 'ẹ', padà sí ìdí táàpù ẹ."

Ẹ wò ó, bí ìtàn yìí bá dúró síbẹ̀, ǹ bá máa rẹ́rìn-ín títí di òní.

Bagyo mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti agbọ̀n ẹ̀bùn kan lọ tọrọ Wening. Wọ́n gbé kọfí kalẹ̀, wọ́n gbé tempe díndín tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí Mbok Painem bèèrè pé ọmọ ìkelòó ni Bagyo jẹ́ fún ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀kẹta ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn.

Mbok Painem gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Àkọ́bí ni Wening. Lọ́dọ̀ wa, àkọ́bí kì í fẹ́ ẹ̀kẹta. Jilu ni wọ́n ń pè é, àwọn àgbà sì sọ pé bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ra, ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn á kú. Àwọn òbí Bagyo ti lọ sí ọ̀run. Bí ikú bá ń bọ̀, ilé kan ṣoṣo ló kù tó lè yà sí, inú ilé yẹn ni ọkùnrin kan sì jókòó sí, tó ń wúkọ́.

"Ẹ gbé agbọ̀n yín," Mbok Painem wí. Kò bínú. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbé e."

"Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra," Pak Karyadi wí. "Bó bá jẹ́ èmi ló kàn, mo ti lo ìgbà tèmi. Kí ni mo fẹ́ fi ayé ṣe mọ́?"

Wening ló dìde. "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi yín ra ọkọ." Ó yíjú sí Bagyo, kò sì tún pè é ní Mas. "Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ kí n tó yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Ṣé mo gba jilu gbọ́? Wọ́n máa ń bi mí. Ìyá ìyá mi gbà á gbọ́, ìyẹn sì tó láti bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ń fi ohun tí àwọn àgbà rẹ̀ gbà gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kó dúró kí ó kan bàbá rẹ̀ ná.

Òjò dé, òjò lọ. Bagyo ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í kọrin mọ́ nídìí iṣẹ́. Bí alùpùpù Kíng kan bá ń bọ̀ láti òkè, á gbé orí sókè. Bó bá rí i pé ẹlòmíì ni, á tún gbé e wálẹ̀. Mo máa ń gbé kọfí tì í, yóò tutù síbẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ní Wening ń rù, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé oorun ni òun ò sùn tó.

Lọ́jọ́ kan, Pak Karyadi fúnra rẹ̀ gun Kíng wọ ọjà, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Táàpù yìí ń ṣe mí báyìí-báyìí," ó wí.

Bagyo tú u palẹ̀, ó wò ó títí. "Pak, kò sóhun tó ṣe é."

"Mo mọ̀. Ọmọ mi ni kò jẹun." Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó gba àyà mú, ó mí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ máa wo ara yín? Mbok Tarsi, ẹ̀yin ni àgbà níbí. Ẹ bá wa dá sí i."

Mo ti ń ronú rẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ju Bagyo sí ààtàn."

Ọ̀nà kan wà tí àwọn baba wa máa ń gbà tan kádàrá jẹ. Wọ́n á ju ọmọ nù, ẹlòmíì á rí i he, á di ọmọ ẹni tó he é. Bí èmi tí mi ò bímọ rí bá he Bagyo, kò ní jẹ́ ẹ̀kẹta mọ́. Àkọ́bí mi ni, òun náà ni àbíkẹ́yìn mi.

Ọjọ́ tí a ṣe é, gbogbo ọjà ló pé jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ àtẹ ìfẹ́kà ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ẹ̀yìn ọjà, ó ní kí Bagyo sùn sínú rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ nìkan ni àtẹ náà gbà. Ẹ̀gbọ́n náà fi ìgbálẹ̀ gbá a lára, ó ní, "Mi ò fẹ́ eléyìí mọ́," ẹkún sì gbọ̀n ọ́n bó ṣe ń wí i. Èmi náà ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan.

"Yéè! Ọmọ ta nìyí? Ọmọ tuntun tó ní irùngbọ̀n!"

Ọjà rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbé e, Mbok! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á dìde. Mo rò pé eré ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ ṣé, Ìyá," etí ìró ni mo fi nu ojú mi.

Mo gun òkè lọ bá Mbok Painem. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí mo ti dàgbà tó. Mo ní, "Ọmọ mi àkọ́bí ń tọrọ ọmọ yín àkọ́bí. Bí ikú bá sì ṣì ń rìn kiri, èmi ni òbí tó dàgbà jù nínú wa. Ilé mi ni kó kọ́kọ́ yà sí. Mo ti palẹ̀ mọ́."

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí wọ́n fẹ́ra," ó wí, "lẹ́yìn ìkórè tábà." Wening wà lẹ́yìn ògiri oparun, ó ń gbọ́ wa.

Ìkórè tábà ọdún náà dára. Bagyo ń gun òkè lọ bá wọn ká ewé, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń dúdú fún epo wá dúdú fún oje tábà. Òun àti Wening á máa bára wọn ṣeré láàárín ebè. Wening ní tí òun bá bímọ, òun ò ní jẹ́ kó gun alùpùpù. Bagyo ní tí kò bá gùn ún, kì í ṣe ọmọ òun.

Ìgbà tí ewé òkè pátápátá ló kù ni Pak Karyadi ṣubú lulẹ̀ nínú oko. Ó gba àyà mú, kò lè kígbe. Bagyo àti Wening sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń dé ibẹ̀. Kíng nìkan ló wà. Wọ́n gbé bàbá náà sáàárín, Bagyo ń wa alùpùpù, Wening jókòó sẹ́yìn, ó fi ìró di bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Bagyo, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé àfonífojì. Mbrangkang wá kù níwájú wọn kí wọ́n tó lè dé abúlé.

Èèyàn mẹ́ta lórí alùpùpù kan. Ìgò wà ní títì, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ó ń kú lọ. Kílọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ òsì Bagyo dì mú; bó bá yọ ìka kan péré, wọ́n á yí padà sínú àfonífojì. Wening ò lè dé ibi irin náà láti ẹ̀yìn. Ó ń pariwo pé, "Mas, ìgò! Ìgò!" Bagyo ń sọ pé, "Mi ò lè tú ọwọ́, mi ò lè tú ọwọ́."

Nígbà náà ni ọwọ́ arúgbó kan gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Ó ń táràrà lórí irin bí ọwọ́ afọ́jú, títí àtàǹpàkò fi bá irin pélébé náà. Ó tì í síwájú. Ohùn ẹ́ńjìnnì jìn wálẹ̀, alùpùpù mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n lọ.

"Ẹ ṣé, Bàbá," Bagyo ń wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ dì mú báyìí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Wọ́n gun òkè náà já. Wọ́n dé ilé ìwòsàn kékeré abúlé. Nọ́ọ̀sì jáde, ó fọwọ́ kan ọrùn Pak Karyadi, ó sì mi orí sí Wening. Bàbá náà ti kú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin náà. Bagyo fúnra rẹ̀ ló rọra tú àwọn ìka náà kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kó tó di pé wọ́n wẹ òkú tán, ọ̀rọ̀ ti gba abúlé kan. "Jilu ni." "Wọ́n ju ọmọ nù, ikú ò mọ ààtàn." Mo jókòó sí igun ilé, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ní kí ikú wá bá mi. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Lọ́dọ̀ wa, bí òbí bá kú nígbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè so yìgì níwájú òkú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ohun tí a ń pe ìyẹn ni pé òkè wó lu ìyàwó. Bí òkú bá ti jáde láì so ó, kò tún gbọ́dọ̀ sí ìgbéyàwó nílé náà títí ọdún á fi yí po, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í sì í wáyé mọ́. Pak Giyar, àbúrò olóògbé, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní àáfà wà níkàlẹ̀, òun náà sì lè dúró ní ipò bàbá.

"Rárá," Wening wí. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, kò gbé orí sókè. "Èmi ni mo pa á. Mo sọ pé mi ò ní fi í ra ọkọ, mo sì rà á. Bí mo bá fẹ́ Mas Bagyo, gbogbo ìgbà tí mo bá wo ojú rẹ̀ ni màá máa rí òkú yìí."

Bagyo wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá a jiyàn. "Mi ò ní fi ipá mú ọ, Wening," ó wí. "Jẹ́ kí n bá wọn gbé Bàbá dé sàréè. Lẹ́yìn ìyẹn, màá padà sísàlẹ̀. O ò ní gbúròó mi mọ́."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo fọwọ́ ti ògiri kí n lè dìde mú ọmọ mi lọ sílé.

Mbok Painem ló sọ̀rọ̀. Obìnrin tó lé Bagyo lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Wening, wò mí. Mo bẹ̀rù ọjọ́ yìí ju gbogbo yín lọ. Mi ò mọ̀ bóyá jilu ló pa á, mi ò mọ̀ bóyá àyà rẹ̀ ni. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí tìrẹ ló fi kú, ṣé kó wá kú lásán ni?"

Ó na aṣọ tó bo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ó fẹ́ ọmọkùnrin yìí fún ọ. Ó ń lọ sọ́jà lọ parọ́ pé táàpù bàjẹ́ torí rẹ̀. Bí o bá lé e lọ lónìí, ọkọ mi ti lọ, ohun tó fẹ́ náà ti lọ. Kí ló wá kù fún èmi?" Ó di èjìká Wening mú. "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ọmọ mi. Lọ wẹ ojú ẹ."

Wening kígbe ẹkún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó mú un wọ yàrá, ó bá a wọ aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ti rán pa mọ́. Aṣọ ìrun kan ni sàdáákì tí Bagyo san fún un. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, Pak Giyar di ọwọ́ Bagyo mú, ó ní òun fi ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fún un. Ọ̀rọ̀ tí Bagyo fi gbà á kò ju ìwọ̀n èémí kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó fi iwájú orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, kó tọrọ ìdáríjì, kí bàbá sì fi ọwọ́ kan án lórí. Wening kúnlẹ̀. Ó fi iwájú orí lé orúnkún tó wà lábẹ́ aṣọ funfun náà, ó dúró síbẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ tí kò lè wá. Mbok Painem ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí. "Ó ní ó gbọ́," ó wí. "Ó ní kí ẹ pẹ́."

Àwọn tó wá kí wọn kò mọ èyí tí wọn ì bá kí. Àwọn kan ní ẹ kú ọ̀fọ̀, àwọn kan ní ẹ kú oríire, àwọn míì kàn di ọwọ́ Mbok Painem mú, wọ́n mi orí. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà, ó ń ní ẹ ṣé.

Wọ́n kírun sí òkú lára. Àwọn ọkùnrin gbé àkéte ìgbókùú sókè dé èjìká, wọ́n dúró lójúde, nítorí pé kí òkú tó lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti fi dágbére. Wening di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó bọ́ síwájú. Bagyo fà sẹ́yìn, ó dúró sápá kan pẹ̀lú àwọn àlejò, ó wolẹ̀. Mo rí i pé kò mọ̀ bóyá òun wà nínú àwọn tí wọ́n ń pè.

Mbok Painem yí padà. "Ta lò ń dúró dè?" ó wí fún un. "Ọmọ ilé kì í dúró sọ́dọ̀ àlejò. Wá síbí."

Bagyo bọ́ síwájú. Ó tẹrí ba, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sì gba abẹ́ bàbá wọn kọjá.